Ibi Tí Títì Ti Yà fún Agbo Ilé Wa

Mo rántí ìgbà tí wọ́n kan èèkàn sí àárín àgbàlá ilé ọkọ mi ní Ìwó. Ó ku ọdún díẹ̀ kí a gba òmìnira, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ọkọ ni, mo sì lóyún àkọ́bí mi. Àwọn ìgbìmọ̀ ìlú ló ní àwọn fẹ́ la títì tuntun láti ojú ọjà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, inú mi dùn. Ilé ẹ̀kọ́ mísọ̀n ni mo ti jáde, mo sì ti rí ìlú òyìnbó nínú àwòrán: títì tó gún gbọọrọ, ilé lọ́tùn-ún, ilé lósì, kò sí èyí tó yọrí ju èkejì lọ. Lójú tèmi nígbà náà, ọ̀làjú nìyẹn. Agbo ilé wa, tí gbogbo ilẹ̀kùn kọjú sí àgbàlá, tí èèyàn kò lè sín kí gbogbo ilé má kí i pẹ̀lẹ́, kò tíì lajú rárá.

Ibi tí èèkàn bọ́ sí ló mú ojú mi wálẹ̀. Títì máa la àgbàlá já, yàrá wa á wà lápá kan, ilé ìdáná àti kànga á wà lápá kejì, mọ́tò á sì máa kọjá láàárín. Bẹ́ẹ̀ àgbàlá yẹn la ti ń pa ẹ̀kùrọ́, ibẹ̀ ni gbogbo ọmọ ilé ti ń kọ́ ìrìn, tí ẹni tó bá wà nítòsí ń gbé wọn dìde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ibi tí tèmi máa ti rìn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wọn ilẹ̀ ṣàlàyé fún wa pé ọ̀gbun tí àgbàrá ń gbẹ́ lọ́dọọdún ló wà lápá òsì, títì kò lè gba ibẹ̀. Lápá ọ̀tún, ilé baálé wa ni. Láyé ìgbà náà, inú ilé la ń sin àgbà sí. Bàbá baálé àti bàbá rẹ̀ àgbà wà lábẹ́ yàrá yẹn, òun náà sì ti fi ibi tí wọ́n máa tẹ́ òun sí han àwọn ọmọ rẹ̀.

Baálé fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. “Ẹ gba ilé mi kọjá.”

Àkọ́bí rẹ̀ dọ̀bálẹ̀. “Bàbá, àwọn bàbá wa tó wà níbẹ̀ ńkọ́?”

“Mọ́tò ò lè gbá ẹni tó wà nínú ilẹ̀. Ọmọ tó ń bọ̀ ni mò ń rò.” Ó yíjú sí mi níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. “Ìyàwó wa, dìde. Ẹni tó wà nípò rẹ kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.”

Ẹkún ni mo fi dúpẹ́. Àwọn àfáà ṣe àdúà, wọ́n wó ilé náà, títì sì yà gba ibẹ̀.

Lọ́jọ́ alẹ́ mi yìí, mo lọ kí ọmọ mi lókè òkun. Ilẹ̀ wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, títì wọn gún. Òtútù ló mú kí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn, kí ilé sì fara ti ilé. Ibi ìsìnkú wọn wà lẹ́yìn ìlú, títì wọn kò ní òkú inú yàrá tó máa yà fún. Ó bá wọn mu, n kò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, mo sì ti rí i pé ìlú là ń wò ká tó la títì.

Lónìí, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń ráhùn sí ìyànà yẹn, pé ta ló la irú títì yìí. N kì í bá wọn jà. Àwọn bàbá baálé wà lábẹ́ ọ̀dà níbẹ̀, òun nìkan ni kò sí lọ́dọ̀ wọn. Àárín àgbàlá la tẹ́ ẹ sí, àwọn ọmọ ọmọ mi sì ń ta gẹ̀gẹ̀ẹ́ kọjá lórí rẹ̀ láràárọ̀. Kò sẹ́ni tó ń lé wọn.