Ohun Tí Mo Gbé Pamọ́ Lórí Fóònù Màmá Mi

Nínú iṣẹ́ tí mo ń ṣe, ohun tí èèyàn bá gbé pamọ́ kò lọ síbì kankan. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti Agbowó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ní Bódìjà, tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ JavaScript, èdè tí a fi ń kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí ìkànnì ń tẹ̀ lé. Ìkànnì kan ṣí lójú yín, ẹ rí àkọlé, ẹ rí fọ́tò, ẹ rí bọ́tìnnì. Kóòdù lè bá wọn níbẹ̀ kó yí àwọ̀ wọn padà, kó sún wọn sókè sódò, kó sì ní kí ọ̀kan má hàn mọ́. Èyí tí kò hàn yẹn ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á mi orí, tó bá dọ̀la wọ́n á ti gbàgbé.

Èmi náà ni mo ń tọ́jú ìkànnì ṣọ́ọ̀ṣì wa. Iṣẹ́ Olúwa ni wọ́n pè é, ìyẹn ni pé n kò gbọdọ̀ ráhùn. Láràárọ̀ ni mo ń fi ẹsẹ Bíbélì òòjọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú orin kan. Òkè rẹ̀ ni àpótí ìkéde wà: ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ìpapòdà. Bí ọmọ ìjọ bá kú, fíkà wa máa ń fẹ́ kí fọ́tò olóògbé wà lókè pátápátá, kí ọ̀já búlúù tó wà lórí ojú ewé sì di dúdú títí di ọjọ́ ìdúpẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú. Mo ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ìjọ. Kì í gbà mí lásìkò rárá.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi ọkùnrin kú. Àwa méjì péré ni màmá mi bí, bàbá wa sì ti lọ tipẹ́. Òun ló ń tẹ dùrù fún ẹgbẹ́ akọrin, kò tíì gbéyàwó, yàrá méjì ló ń gbé ní Ring Road. Ibà ni a pe àìsàn náà. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ọsibítù láàárọ̀, wọ́n sì pè mí níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án. Mo dé ibẹ̀, mo rí i, mo fọwọ́ sí ibi tí wọ́n ní kí n fọwọ́ sí, mo sì padà sí Bódìjà lọ parí iṣẹ́ tó wà lórí tábìlì mi. Èèyàn lè ní ọkàn mi le. Kò le. Kò kàn sí ohunkóhun nínú rẹ̀ ni. Mo ń jẹun, mo ń dá àwọn èèyàn lóhùn, mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ, gbogbo rẹ̀ sì ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn sí mi.

Màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù padà sílé wọn ní Akóbọ̀ ni. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló dá wọn dùbúlẹ̀, ó fa ẹnu wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan kó tó padà sípò, dókítà sì ti kìlọ̀ fún wa pé ìdágìrì kan ṣoṣo tún lè gbé wọn lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin, tó jẹ́ olórí ẹbí wa, fi pè mí sí pálọ̀ wọn.

"A ò ní í sọ fún un báyìí," ni wọ́n wí. "Ẹ jẹ́ kí ara ẹ̀ le díẹ̀. Tó bá yá, a ó kó ara wa jọ, a ó lọ sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́."

Lọ́dọ̀ wa, a kì í tẹ ìyá láago pé ọmọ rẹ̀ ti kú. Àwọn àgbà ni yóò lọ, wọn yóò jókòó, wọn yóò máa pòwe yí ọ̀rọ̀ ká, títí ọkàn rẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò fi débẹ̀. Òbí kì í sì í mọ sàréè ọmọ, nítorí náà kò sí ohun tó ní kí a dúró dè wọ́n kí a tó sin ín. A sin ín. A wá sọ fún màmá mi pé ibi iṣẹ́ rẹ̀ ti rán an lọ sí apá Àbújá, sí ìgbèríko kan tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dáa.

Ìkànnì ṣọ́ọ̀ṣì ló kù. Láràárọ̀, kí màmá mi tó mu tíì, wọ́n á ti wọ awò ojú wọn, wọ́n á ṣí i lórí fóònù láti ka ẹsẹ Bíbélì. N kò tíì gbé ìkéde ikú rẹ̀ síbẹ̀, a sì ti sún ìdúpẹ́ di ìgbà tí màmá mi bá gbọ́. Ṣùgbọ́n fíkà ní ìkéde náà gbọ́dọ̀ jáde, nítorí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin tó wà lókè òkun ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ètò.

"Ìwọ tó o mọ kọ̀ǹpútà," ni ẹ̀gbọ́n màmá mi bi mí, "ṣé kò sí bó o ṣe lè ṣe é tí kò fi ní í hàn sí òun nìkan?"

"Ó wà, sà," ni mo dáhùn.

Mo lè lọ bẹ fíkà. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ń fẹ́ èémí, n kò sì ní in. Kóòdù kì í bi èèyàn pé báwo ni ara. Mo lọ sí Akóbọ̀, mo gba fóònù màmá mi, mo ní mo fẹ́ bá wọn tún un ṣe ní ọ́fíìsì. Mo fi àmì kékeré kan pamọ́ sínú rẹ̀ tí kò sí lórí fóònù ẹlòmíràn. Mo wá kọ ìlà díẹ̀ pé tí ojú ewé bá ṣí, kó wo bóyá àmì yẹn wà. Bó bá wà, kó gbé àpótí ìkéde pamọ́, kó sọ ọ̀já dúdú di búlúù padà, kó sì fa ẹsẹ Bíbélì sókè kí àyè má baà ṣófo. Ìsàlẹ̀ ojú ewé pátápátá ni mo fi í sí, bí wọ́n ṣe kọ́ mi: kí gbogbo ohun tó wà lójú ewé ti jáde tán kí kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí wọn.

Èmi náà ni mo yan fọ́tò. Èmi àti àbúrò mi la jọ yà á lẹ́yìn ìsìn ìkórè, ó wọ aṣọ funfun, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo gé ara mi kúrò. Ọwọ́ mi nìkan ló kù ní èjìká rẹ̀, n kò lè gé e láìgé ọrùn rẹ̀, mo bá fi í sílẹ̀.

Mo ṣí i lórí fóònù màmá mi nínú ọ́fíìsì wa. Ọ̀já búlúù, ẹsẹ Bíbélì, orin. Kò sí àbúrò mi níbẹ̀. Mo wò ó, ohun tó sì wá sí mi lọ́kàn ni pé iṣẹ́ náà mọ́. N kò ronú kan ohun mìíràn.

Láràárọ̀ ni mo wá ń pe màmá mi. Níbẹ̀rẹ̀ wọ́n á ní, "Àbúrò ẹ ńkọ́, ṣé ó ti pè?" Màá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ kò dáa. Nígbà tó ṣe, wọn kò béèrè mọ́. Mo gbà pé irọ́ wa ti di òótọ́ létí wọn. Ẹ̀gbọ́n màmá mi gbóríyìn fún mi, wọ́n ní kọ̀ǹpútà yìí mà wúlò.

Ohun tó kàn ń ṣe mí ní kàyéfì ni dátà. Dátà màmá mi kì í pẹ́ tán. Màá fi ránṣẹ́, kò ní í pẹ́ tí wọ́n á tún pè pé ó ti tán. Mo ní kí wọ́n yé wo fídíò ìwàásù. "Mo ti gbọ́," ni wọ́n á wí.

Wọ́n tún gbé àga wọn kúrò lẹ́bàá fèrèsé pálọ̀. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ wà, ibẹ̀ nìkan náà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dúró dáadáa nínú ilé yẹn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó lọ sí kíṣìnì ni wọ́n gbé e sí, níbi tó ṣókùnkùn tó sì móoru. Mo ní, "Mà, ooru ò mú yín níbí?" Wọ́n ní ibẹ̀ tẹ́ àwọn lọ́rùn. Àgbà tó ń ti àìsàn bọ̀ kì í ṣe ẹni tí à ń bá jiyàn, mo bá fi wọ́n sílẹ̀.

Nígbà tí dókítà ní ara wọn ti ń balẹ̀, a mú àárọ̀ Sátidé kan. Ẹ̀gbọ́n màmá mi wá, fíkà wá, èmi náà lọ. A bá màmá mi ní pálọ̀, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wé gèlè, wọ́n sì ti to àga sílẹ̀. Ẹnì kankan kò sọ fún wọn pé à ń bọ̀. Mo rí i, n kò sì rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n wọn sọ̀rọ̀, wọ́n yí i ká, wọ́n tún yí i ká. Fíkà ka Bíbélì. Màmá mi kò já lu ẹnikẹ́ni. Wọ́n jẹ́ kí àwọn méjèèjì sọ ọ́ tán, wọ́n wá tẹrí ba, omi sì ń bọ́ lójú wọn láìpariwo. Ẹnu wọn ni èmi ń wò, bóyá yóò tún fà. Kò fà. Fíkà ní Ọlọ́run ti fún ìyá yìí lókun. Ẹ̀gbọ́n màmá mi fi áńkáṣíìfù nu ojú, wọ́n wò mí bí ẹni tó ń kí mi kú iṣẹ́.

Nígbà tí àwọn méjèèjì lọ, mo kó ife lọ sí kíṣìnì. Màmá mi tẹ̀ lé mi, wọ́n jókòó sórí àga tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ìkànnì yẹn," ni wọ́n wí. "Kí ló dé tí kì í jẹ́ kí n wò ó pẹ́?"

"Ẹ wo kí ni, mà?"

"Àbúrò ẹ."

Mo gbé ife sílẹ̀. Ó yé mi kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ míì. Ní ọ́fíìsì wa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yára débi pé kóòdù mi ń dé kí ojú tó rí nǹkan. Ní Akóbọ̀, ojú ewé ń wọ́ bọ̀. Ọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ dé, fọ́tò á dé, kóòdù mi tó wà nísàlẹ̀ á gbẹ̀yìn gbogbo wọn. Èmi ni mo sì ní kí fóònù máa gbé gbogbo rẹ̀ wá lọ́tun nígbàkúùgbà, kí ẹsẹ Bíbélì àná má baà jókòó pa. Láàárín kí fọ́tò dé àti kí kóòdù dé, àbúrò mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀já dúdú lórí rẹ̀, ní gbogbo àárọ̀ tí mo fi ń parọ́.

"Láti ìgbà wo, mà?"

"Láti ọjọ́ tó o dá fóònù padà."

"Ẹ ò sì sọ."

"Ẹ̀yin náà ò sọ." Wọ́n tún gèlè wọn ṣe. "Mò ń gbọ́ ohùn ẹ láràárọ̀, ó gbẹ bí igi. Mo ní tí mo bá figbe ta, ta ló máa gbé ọmọ yìí ró? Mo mọ̀ pé ẹ máa wá sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Mo bá ń dúró dè yín. Lójoojúmọ́ ni mò ń to àga."

Mo béèrè ìdí tí wọ́n fi kúrò lẹ́bàá fèrèsé, bí ẹni pé ìyẹn ló ṣe kókó.

"Lọ́hùn-ún, kíá ló ń lọ," ni wọ́n wí. "Níbí, ó máa ń dúró díẹ̀. Tó bá lọ, màá tún un ṣí." Wọ́n na fóònù sí mi. "Ṣé o lè jẹ́ kó dúró?"

"Mo lè ṣe é, mà."

Mo gbé kọ̀ǹpútà mi jáde nínú báàgì, mo gbé e lé orí fíríìsà nínú kíṣìnì, mo pa àwọn ìlà yẹn rẹ́, mo fi ojú ewé ránṣẹ́ padà. Mo wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ṣí i. Ọ̀já dúdú dé, fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti òkè, irun rẹ̀, iwájú orí rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀. Àwa méjèèjì ń retí kó lọ. Èmi tí mo pa kóòdù náà rẹ́ fúnra mi, mo ń retí kó lọ. Kò lọ.

Màmá mi gbé fóònù sún mọ́ ojú.

"Ọwọ́ ẹ rèé ní èjìká ẹ̀," ni wọ́n wí. "Ojú ẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Kí n tó débẹ̀, á ti lọ. N ò mọ̀ pé o wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ẹkún tí n kò rí sun láti ọsibítù sì dé. Màmá mi kò ní kí n dákẹ́.