Ẹ̀rí Tí Wọ́n Ní Kí N Máa Jẹ́ Lójú Màmá Jóẹ́lì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tó ti pẹ́ nínú mi.

Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà. Akọ̀wé ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi Jóẹ́lì ní ọ́fíìsì kan ní Àpápá. Ajégúnlẹ̀ là ń gbé, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà là ń lọ. Ọ́fíìsì ní káwa méjèèjì lọ sí Kano. Ibà dá mi dùbúlẹ̀, Jóẹ́lì nìkan ló wọ bàálù. Bàálù náà já. Ẹnì kankan ò yè é.

Láti ìgbà yẹn, lọ́dọọdún ni ṣọ́ọ̀ṣì wa ń ṣe ìsìn ìrántí. Wọ́n á pè mí síwájú kí n jẹ́rìí bí Ọlọ́run ṣe yọ mí. Àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́. Màmá Jóẹ́lì á wà níbẹ̀, màmá á kàn máa wo ilẹ̀. Ṣé irú ẹ̀rí yẹn ṣeé jẹ́ lójú ìyá olóògbé? Ó rẹ̀ mí, ẹ gbà mí gbọ́.

Nígbà tí ọdún kẹta ń bọ̀, mo lọ bá màmá nílé wọn ní Boundary, nínú Ajégúnlẹ̀ wa níbẹ̀. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ̀rí yìí ti sú mi.

Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ó ti sú èmi náà. Wọ́n á sọ ti bàálù, wọ́n á sọ tìẹ, kò sẹ́ni tó ń sọ ti ọmọ mi."

"Kí ni kí n wá ṣe, mà?"

"Sọ irú ẹni tó jẹ́ fún wọn."

Nígbà tí wọ́n pè mí lọ́jọ́ ìsìn, mi ò dárúkọ ibà rárá. Mo sọ bí Jóẹ́lì ṣe máa ń sùn lórí tábìlì ní ọ́fíìsì, kálámù lọ́wọ́, tó bá jí á ní òun ń ronú ni. Mo ní ohùn ẹ̀ ò dáa, síbẹ̀ kò fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀. Alàgbà kan ń fojú sọ fún mi pé kí n parí. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Màmá gbójú sókè.

Nígbà tí a jáde, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé ó máa ń sùn níbi iṣẹ́, kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ẹ̀rín pa wọ́n, ni wọ́n bá sunkún.

Ohun tí mo rí kọ́ ò ju èyí lọ: bí ẹ bá ń bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn, ẹ sọ̀rọ̀ ẹni tó lọ fún un.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni tiyín tí wọn ò dárúkọ ẹ̀ mọ́? Ẹ sọ ọ́, mò ń gbọ́.