Ó Kàn Ń Ràn Wá Lọ́wọ́ Ni

Ọ̀gá tó bá ń pe òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ẹbí, ẹ fura sí i. Mo ṣe tíṣà fún ọdún mẹ́sàn-án ní ilé-ìwé aládàáni kan nítòsí Ìgàndó, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ. Mọ́mì ni gbogbo wa ń pe obìnrin tó ni ilé-ìwé náà. Ẹ má bínú pé mi ò pè é ní "wọ́n" nínú ìtàn yìí, ọ̀wọ̀ tí mo ní fún un ti tán. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá béèrè lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Lẹ́tà kẹ̀? Ṣé ọmọ máa ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ ni? Ẹbí ni wá níbí jàre."

Ẹbí tí wọ́n ń lé lọ lọ́dọọdún! Bí sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ bá parí lóṣù keje, Mọ́mì á kó wa jọ sínú kíláàsì tó tóbi jù, á gbàdúrà lé wa lórí títí ohùn rẹ̀ á fi há, lẹ́yìn náà á ní iṣẹ́ ti parí, kí Ọlọ́run jẹ́ ká ríra. Tó bá di oṣù kẹsàn-án, a ó tún kọ lẹ́tà tuntun, pé a gbọ́ pé àyè iṣẹ́ wà. Lẹ́tà mẹ́sàn-án ni mo kọ sí obìnrin tó mọ ìlú tí wọ́n ti bí mi ní Èkìtì, tó mọ̀ pé mi ò kì í jẹ ẹ̀wà. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ti ń ṣàlàyé ẹni tí mo jẹ́ fún un. Ó ń kó mi nírìíra, ṣùgbọ́n mo kọ gbogbo rẹ̀.

Lọ́dún kan, fọ́ọ̀mù ìjọba dé. Wọ́n fẹ́ mọ iye òṣìṣẹ́ tó wà nílé-ìwé kọ̀ọ̀kan, kí a kọ orúkọ wọn, kí a sì pín wọn sí méjì: àwọn pámánẹ́ǹtì, tí iṣẹ́ wọn fìdí múlẹ̀, àti àwọn káṣúà. Wọ́n ṣàlàyé sísàlẹ̀ pé káṣúà ni ẹni tí wọ́n gbà fún ìgbà díẹ̀, láìsí ìlérí pé iṣẹ́ ọ̀hún á tẹ̀síwájú. Èmi ni Mọ́mì pè sọ́fíìsì láti kọ ọ́, torí èmi ni mo dàgbà jù nínú àwọn tíṣà.

Mo ka àlàyé náà lẹ́ẹ̀mejì. Àǹtí tó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi ti ń bọ̀ láràárọ̀ láti Ayọ̀bọ̀ fún ọdún mẹ́fà, pẹ̀lú bàtà kejì nínú ọ̀rá nítorí ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà. Ṣé ìgbà díẹ̀ nìyẹn? Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń dá a dúró ní gbogbo oṣù keje, kò pé ọdún kan rí lójú ìwé.

"Mọ́mì, ṣé ká kọ gbogbo wa sí káṣúà ni?" mo bi í.

"Kí wọ́n lè wá ti ilé-ìwé mi pa, àbí? Kọ mẹ́rin sí pámánẹ́ǹtì. Kọ èmi, kọ dádì, kọ ọmọ mi obìnrin." Kánádà ni ọmọ ọ̀hún ń gbé. "Kọ ara ẹ mọ́ wa. Káṣúà làwọn tó kù."

"Àǹtí jẹ́léósinmi náà?"

"Ìyẹn? Ṣé o ò rí ikùn ẹ̀ ni? Tá a bá kọ ọ́, wọ́n á ní ká fún un nísinmi ìbímọ. Má kọ ọ́ síbì kankan. Ó kàn ń ràn wá lọ́wọ́ ni."

Oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje nígbà náà. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń fẹ́, torí kò yé sọ ọ́: kó bímọ, kó sinmi oṣù mẹ́ta, kó sì padà sí kíláàsì rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi nu ìdí ọmọ olọ́mọ nílé-ìwé yẹn. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ni mo bá tún wo orúkọ mi lábẹ́ pámánẹ́ǹtì, inú mi sì dùn. Bẹ́ẹ̀ ni, inú mi dùn, bí aláìnítìjú. Mo rò pé bó ti wà lákọsílẹ̀ yẹn, ó lè di òótọ́. Àwọn àgbà ní ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Èmi ò tilẹ̀ tíì jẹ dòdò ọ̀hún, òórùn rẹ̀ lásán ni mo gbọ́ tí mo fi panu mọ́.

Àǹtí náà bí ọmọbìnrin lóṣù kejìlá. Nígbà tó padà lóṣù kẹta, tòun tọmọ lẹ́yìn, ọmọge kan ti jókòó sórí àga rẹ̀. Ó wá mi wá, ó ní kí n jọ̀ọ́ bá òun dé ọ̀dọ̀ Mọ́mì, pé wọ́n máa ń gbọ́ tèmi.

Mọ́mì kọ́kọ́ gbàdúrà fọ́mọ. Ó fọwọ́ kàn án lórí, ó ní yóò ju ìyá rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló ní kò sáyè mọ́.

"Ìsinmi ìbímọ ni mo lọ, mà."

"Òṣìṣẹ́ ló ń gbàsinmi. Ìwọ ń ràn wá lọ́wọ́ ni, a sì dúpẹ́. Wò ó ṣá." Ó fa ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà yọ nínú fáìlì, ó nà án sí i.

Àǹtí jẹ́léósinmi fìka tọ orúkọ wa láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó yí ìwé náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò sí nǹkan níbẹ̀.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?" ó bi mí.

"Èmi ni."

"Ṣé ẹ gbàgbé mi ni?"

Mọ́mì ń wò mí. "Mo gbàgbé ni," mo wí.

Àǹtí jẹ́léósinmi gbà á gbọ́. Ó ní kò burú, pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn mi, òun náà sì máa ń gbàgbé nǹkan láti ìgbà tí òun ti lóyún. Ó tún ọ̀já ọmọ rẹ̀ so. Ó ní tí fọ́ọ̀mù mìíràn bá dé, kí n jọ̀ọ́, kí n rántí òun.