Ọjọ́ tí Èmi àti Làmídì Lọ Wo Mọ́tò Amẹ́ríkà ní Iléṣà

Àkùkọ kò tíì kọ lẹ́ẹ̀kejì tí mo ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé Làmídì ní Òṣogbo, tí mo ń kan ìlẹ̀kùn bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Oorun kò kúkú kùn mí. Bí mo bá yí sí ọ̀tún, mọ́tò ni mò ń rí. Bí mo bá yí sí òsì, mọ́tò náà ni. Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi ti bínú ká ẹní rẹ̀ lọ sí yàrá kejì. Ó ní bí mo bá fẹ́ máa wa mọ́tò olówó lójú oorun, kí n ṣáà yé fi ẹsẹ̀ òun ṣe bíréèkì.

Làmídì fi ojú kan yọ láti ojú fèrèsé.

"Ṣé mọ́tò náà fẹ́ sá lọ ni?" ló bi mí. "Jẹ́ kí n kírun ná."

Mo jókòó sórí pèpéle, mo dìde, mo tún jókòó. Ìrun rẹ̀ gùn lójú mi ju ti ìgbàkígbà lọ.

Olùkọ́ ni mí nígbà náà, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Mẹkáníìkì ni Làmídì. Ọmọ agboolé aláró ni, àwọn Mùsùlùmí àtijọ́ nílùú wa, ṣùgbọ́n dípò kó ti ọwọ́ bọ aró bí àwọn ìyá rẹ̀, inú ọ́ìlì ló ti tirẹ̀ bọ̀. Ọdún mẹ́jọ ni a ti ń ṣọ̀rẹ́, iyàn jíjà ló sì so wá pọ̀. Bí mo bá ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ ní ìrọ̀lẹ́, abẹ́ igi ọdán iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ẹ ó ti bá mi. Àwọn awakọ̀ àti àwọn tí kò ní ju ìfẹ́ mọ́tò lọ á ti kún ibẹ̀, a ó sì máa jiyàn títí ìyá ẹnìkan yóò fi wá pè é lọ sílé.

Láti ìgbà tí ìjọba ti pàṣẹ pé kí mọ́tò yéé gba apá òsì, kí gbogbo wa máa gba apá ọ̀tún, àwọn mọ́tò Amẹ́ríkà, tí sitiárì wọn wà lọ́wọ́ òsì, ti bá ọ̀nà wa mu. Nígbà tí a wá gbọ́ pé bàbá olówó kan ní Iléṣà ti ra èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ayọ́kẹ́lẹ́ onílẹ̀kùn mẹ́rin, onísílíńdà mẹ́jọ, abẹ́ igi ọdán dàrú. Ẹnìkan ní àga rẹ̀ ń sún fúnra rẹ̀. Òmíràn ní gíláàsì fèrèsé rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ láìsí ẹni tó yí i. Ẹ̀kẹta ní ó ń mu epo bí ràkúnmí tó ti aṣálẹ̀ dé. Èmi, tí ọ̀rẹ́ mi kan fi ìwé oníàwòrán ránṣẹ́ sí láti òkè òkun, mo ti kọ́ gbogbo agbára mọ́tò náà sórí bí kátíkísìmù.

"Ara ńlá, ẹ̀mí kékeré," ni Làmídì wí. "Irin púpọ̀ kọ́ ni mọ́tò. Jámánì ló mọ ẹ́ńjìnnì ṣe. Bí tiyín yìí bá ju ariwo lọ, kí ẹ má pè mí ní mẹkáníìkì mọ́."

"Ìwọ tí o kò tíì fojú kàn án!"

"Ìwọ ńkọ́? Bébà lo rí!"

Gbogbo wọn fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa, ọmọ Iléṣà, ó sì kọ lẹ́tà sí Bàbá Fálúyì tó ni mọ́tò náà pé àwọn ọmọ òun méjì ń bọ̀ ní ọjọ́ Sátidé.

Bọ́lẹ́kájà la wọ̀ ní gáréèjì, ọgbọ̀n kọ́bọ̀ lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, iye tí gbogbo wa ṣì ń pè ní ṣílè mẹ́ta. Pákó la jókòó lé, ẹsẹ̀ wa sì wà láàárín àpò iyọ̀ àti agbọ̀n adìyẹ. Ọ̀nà Ìbòkun là ń gbà. Bí a ti kọjá odò tán ni ilẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀, eruku sì ń wọlé láti ẹ̀yìn ọkọ̀ bí èéfín. Níbi tí a dúró sí kí awakọ̀ bu omi sí ẹ́ńjìnnì, a ra àkàrà gbígbóná àti ẹ̀kọ, a jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Àkàrà ibẹ̀ tóbi ju ti Òṣogbo lọ, ṣùgbọ́n ata rẹ̀ kò tó. Bí a ti ń lọ ni ilẹ̀ ń ga sí i, tí kòkó ń dí, tí òkè ń yọrí láti ẹ̀yìn igi. Lọ́dọ̀ wa ní Òṣogbo, ilẹ̀ tẹ́jú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bi awakọ̀ bí ọ̀nà ṣì jìn.

"Tíṣà," ló dá mi lóhùn, "ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyí tí ẹ bi mí. Ẹ bá mi wà á kí n jókòó síbẹ̀ yẹn."

Iléṣà ti jí dáadáa nígbà tí a wọ̀ ọ́. Orí òkè ni ilé Bàbá Fálúyì wà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ ewé. Ìyàwó rẹ̀, ìyá kan tó sanra tí ojú rẹ̀ sì dá ṣáṣá, pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ wọ ulé o," ló wí.

Ulé ni àwọn Ìjẹ̀ṣà ń pe ilé, bí wọ́n ti ń pe iṣu ní uṣu. Làmídì tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ kí n má bàa rẹ́rìn-ín, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá náà kò bínú.

"Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ̀yin náà lẹ́nu tiyín," ló wí. "Mọ́tò yẹn lẹ wá wò, àbí? Ẹ lọ wò ó. Èmi kò tíì wọ̀ ọ́ rí, n kò sì ní í wọ̀ ọ́. Nǹkan tí kì í pariwo kó tó dé ẹ̀yìn ènìyàn, n kò fọkàn tán an."

Ẹ̀yìnkùlé ló wà, aṣọ funfun ni wọ́n fi bò ó. Nígbà tí Bàbá Fálúyì ká aṣọ náà kúrò, mo sáré sún mọ́ ọn. Dúdú ni, ó gùn bí ọkọ̀ ojú omi, mo sì ń rí eyín ara mi lára ìlẹ̀kùn rẹ̀. Mo yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta. Làmídì kò yí i ká rárá. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú agbádá tó wọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù síta.

Ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni Bàbá Fálúyì, ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Òṣómàáló ni nígbà èwe rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn Ìjẹ̀ṣà tó máa ń ru aṣọ títà láti ìlú dé ìlú.

"Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ẹsẹ̀ rìn," ló sọ fún mi. "Bí mọ́tò bá kọjá lára mi, eruku rẹ̀ ni mò ń jẹ. Mo sì wí nínú ara mi pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní sí ẹni tí yóò tún fi eruku bò mí." Ó jù kọ́kọ́rọ́ náà sókè, ó hán an. "Ẹ wọlé. Ẹ kò wá wo mọ́tò tó dúró."

Làmídì jókòó níwájú, èmi sì wà lẹ́yìn lórí àga tó rọ̀ ju ibùsùn mi lọ. Nígbà tí bàbá ṣí i, n kò mọ̀ pé ó ti ṣí. Ọ̀nà Àkúrẹ́ la forí lé, ọ̀dà ni wọ́n fi ṣe é, ó sì ń dán. Bàbá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ẹ̀yìn mi sì lẹ̀ mọ́ àga. Àwọn igi ọ̀pẹ ń sá padà. Mo na ọrùn wo aago eré: ọgọ́ta máìlì, ọgọ́rin, àádọ́rùn-ún. Nígbà tí a kọjá oríta Ìwàràjà, ọ̀pá aago náà ti fẹ́ kan ọgọ́rùn-ún, tí mo ń pariwo bí ọmọdé pé, "Làmídì! Jámánì dà? Jámánì dà?"

Làmídì ti tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì náà, ojú rẹ̀ sì rí bí ojú ẹni tó ń gbọ́ wáàsí.

Lẹ́yìn Ìwàràjà, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó ń wọ́. Ní gbogbo kọ́nà, bàbá á tẹ bíréèkì, á tún sáré. Nígbà tí a dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ńlá kan, mo gbọ́ òórùn bí ìgbà tí aṣọ bá ń jó lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. Mo wo ìsàlẹ̀ òkè náà. Ọkọ̀ agégẹdú kan dúró gbọọrọ lójú ọ̀nà, ó ti takú, àwọn ènìyàn sì wà lẹ́bàá rẹ̀ tí wọ́n ń já ewé sẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé lọ bí ẹni tẹ ẹ̀kọ tútù.

"Kò dá mi lóhùn," ló wí jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá kígbe: "Kò dá mi lóhùn o!"

Mo rí ìyàwó mi, mo rí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mi, mo sì di ìlẹ̀kùn mú bí ẹni tí ìlẹ̀kùn lè gbà là.

"Bísímílà," ni Làmídì wí. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Bàbá, ẹ má pa ẹ́ńjìnnì o. Ẹ gbé ẹsẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé e, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi jíà sílẹ̀ fún mi."

Ó na ọwọ́ sí ọ̀pá jíà tó wà lábẹ́ sitiárì, ó fà á wá sí jíà kékeré. Mọ́tò náà ké bí ẹranko, ó fà sẹ́yìn débi pé iwájú orí mi gbá àga iwájú. Ó tún fà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn tó wà lẹ́bàá agégẹdú ti ń sá wọ igbó.

"Ẹ yà sí ọ̀tún, Bàbá. Inú gbágùúdá yẹn. Nísinsìnyí!"

A wọ inú oko gbágùúdá. Igi rẹ̀ ń dún pẹ́pẹ́pẹ́ lábẹ́ wa, ewé bo gíláàsì iwájú, a fò lórí ebè bíi mélòó kan, a sì dúró. Fún ìgbà díẹ̀, èéfín táyà nìkan ló ń rìn.

Kò sẹ́ni tó fara pa. Bàbá Fálúyì fi orí lé sitiárì. Èmi sọ̀kalẹ̀, mo jókòó sórí ebè. Ṣùgbọ́n Làmídì ti wà nílẹ̀, ó ń na ọwọ́ sí táyà kọ̀ọ̀kan, ó ń fa ọwọ́ padà nítorí ooru.

"Àlàmùdúlílàhì," ló ń wí. "Ojú bíréèkì ló gbóná jù, bí ó bá tutù á padà. Ẹ wo bí ẹ́ńjìnnì yẹn ṣe dì í mú! Ẹ wo irú irin tí wọ́n gbé lé wa lọ́wọ́!" Ó yíjú sí mi, omi wà lójú rẹ̀. "Ọ̀rẹ́ mi, mo jẹ̀bi. N kò tíì rí ohun tó dà bí èyí rí láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́."

Ohun tí mo wá gbọ́ láti Òṣogbo nìyẹn, ó sì dé etí mi nígbà tí n kò fẹ́ ẹ mọ́. Mo wo mọ́tò dúdú náà láàárín gbágùúdá, mo sì kórìíra rẹ̀.

"Apànìyàn ni," mo wí.

"Ẹni tó wà á ni. Ẹ má bínú o, Bàbá."

"Ọ̀rọ̀ rẹ tọ́," ni bàbá wí, tí kò gbé orí sókè. "Mo kọ́ bí a ṣe ń sáré. N kò kọ́ bí a ṣe ń dúró."

Bàbá bẹ olóko, ó sì tù ú nínú. Lẹ́yìn wákàtí kan, Làmídì ló wà á padà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Bàbá bẹ̀ wá kí a má sọ fún ìyá. Ìyá wo mọ́tò, ó yọ ewé gbágùúdá kan láti imú mọ́tò náà, ó wo ojú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì wọlé lọ gún iyán. Iyán náà funfun, ó fà, kò ní kókó kan ṣoṣo. Ẹran ìgbẹ́ ló wà nínú ẹ̀gúsí rẹ̀. Ọkà la máa ń jẹ nílé wa, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ iyán, mo túúbá fún Ìjẹ̀ṣà. Ìyá gbé ẹran tó tóbi jù síwájú Làmídì.

Inú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà kò kún. A ti kọjá Ìbòkun nígbà tí Làmídì fi ìgbọ̀nwọ́ kàn mí.

"Nígbà tí o lọ fọ ọwọ́, bàbá bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní ilẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé òun. Kí n wá kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, kí n máa tọ́jú mọ́tò náà, kí n sì kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń wà á."

"Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní màá bá àwọn ará ilé mi sọ ọ́." Ó ń wo ìta. "Ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tí màá sọ fún wọn."

Mo fẹ́ jiyàn. Mo fẹ́ sọ pé Iléṣà tutù jù, pé àwọn aláìsàn mọ́tò Òṣogbo ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí n kò ti rí i kí ara rẹ̀ balẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ni n kò rí ibi fi ẹsẹ̀ mi sí.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ ní Òṣogbo. Àwọn ènìyàn wa ti péjọ síbi tí wọ́n máa ń wà, wọ́n ń pariwo, "Ta ló jàre?" Mo fi Làmídì sílẹ̀ kó máa rò fún wọn. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn títí mo fi yà sí àdúgbò wa.

Ìrìn àjò náà kọ́ mi pé ènìyàn lè máa rò pé nǹkan kan ni òun ń lé kiri, kó sì jẹ́ pé ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń jiyàn lórí nǹkan náà ni ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Àbẹ̀kẹ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó fi ọwọ́ kan iwájú orí mi tó wú. Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ Làmídì, ó jókòó tì mí.

"Iléṣà kò kúkú jìnnà," ló wí.

Òtítọ́ ni, kò jìnnà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wọ ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, nítorí pé ó fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a jiyàn, kó wí fún un pé irọ́ ló ń pa?