Ajá Tó Bá Ọkọ Mi Ṣínu

Nígbà míì tí òjò bá ṣú, tí mo sì jókòó jẹ́ẹ́, mo tún máa ń gbọ́ bí ajá yẹn ṣe ń hanrun lẹ́yìn ilé wa ní àdúgbò Nombakélé. Á rọra lọ, á rọra bọ̀, bí ìgbà téèyàn ń wọ́ àpò ìrẹsì nílẹ̀. Òmìnira Gàbọ́ọ̀nù ṣì tuntun nígbà náà. Èmi àti ọkọ mi ń ta aṣọ ní ọjà Mont-Bouët, àwọn òyìnbó tó ń palẹ̀ mọ́ lọ sílé wọn sì pọ̀.

Ìyàwó òyìnbó onígẹdú kan wà tó jẹ́ oníbàárà mi. Òun ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé ọmọ mi lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tí gìrì mú un. Nígbà tó fẹ́ re Faransé, ó fa ajá rẹ̀ wá bá mi, ó ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀ títí òun yóò fi dé. Ṣé èmi ni n ó wá sọ pé rárá?

Háà, ajá! Orí rẹ̀ tó ìkòkò ìrẹsì ìkómọ. Awọ ojú rẹ̀ hunjọ bí aṣọ tí wọn ò tíì lọ̀, itọ́ sì ń ro tótó lẹ́nu rẹ̀. Madame ní dogue ni wọ́n ń pe irú wọn, láti ìhà Bordeaux ní Faransé. Àwọn baba ńlá rẹ̀ ló ń ṣọ́ màlúù fún àwọn alápatà, tí wọ́n sì ń dọdẹ ìmàdò, ṣùgbọ́n ibi tí ìran wọn ti ṣẹ̀ wá gan-an, àríyànjiyàn ni. Ó ní kì í gbó lásán. Bó bá ṣáà ti dìde dúró, olè á wá ọ̀nà ilé. Ó tún ní ọkàn rẹ̀ rọ̀, pé kò fẹ́ràn kó dá wà.

Bí a ṣe ń sin ajá nílẹ̀ wa ni mo ṣe sìn ín. Ẹ̀yìn ilé ló ń sùn. Bí àwọn ọmọ bá jẹun tán, n ó da ìyókù sí abọ́ rẹ̀, n ó bá tèmi lọ. Ta ló ń jókòó wo ajá lẹ́nu? Ajá yìí ò kan abọ́ náà. Mo fi ẹja sí i, mo fi ẹran sí i, eṣinṣin ló ń jẹ ẹ́. Òun kàn ń sùn lábẹ́ igi máńgòrò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta lójú oorun bí ẹni ń lé ìmàdò nínú igbó baba rẹ̀. Egungun ìhà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Kí ni n ó sọ fún obìnrin tó gba ẹ̀mí ọmọ mi là?

Ọkọ mi ò tilẹ̀ fẹ́ rí ajá náà sójú. Onírun márùn-ún ni, bí itọ́ ajá bá ta sí i láṣọ, á sáré lọ bọ́ ọ, á máa ṣépè fún Bordeaux. "Kì í gbó, kì í jẹun," ló wí. "Bó bá di ọjọ́ Jímọ̀ tí kò tíì jẹun, yóò kúrò nílé yìí kó má baà kú sí wa lọ́rùn."

"Bàbá wọn, àmánà ni o, wọ́n fi ṣọ́ wa ni!"

"Àmánà kọ́, wàhálà ni."

Oṣù ààwẹ̀ la wà. Lọ́jọ́ Alàmísì yẹn, òjò rọ̀ títí ó fi dá. Ojú ọ̀run pupa rẹ́súrẹ́sú, afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ jẹ́jẹ́, gbogbo àdúgbò pa rọ́rọ́ bí ẹni ń tòògbé. Ilé gbóná, ọkọ mi bá gbé àga lọ sẹ́yìn ilé pẹ̀lú dàbínù àti omi rẹ̀, ó ń dúró de kí oòrùn wọ̀. Mo ń ro ògì, mo ń yọjú wò wọ́n láti ilé ìdáná. Ajá dìde, ó wá jókòó nítòsí rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ tí mo ti gbé sí i láti ọ̀sán. Àwọn méjèèjì ń wo oúnjẹ, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Oòrùn wọ̀. Ọkọ mi ṣàdúà, ó gé dàbínù jẹ. Ajá tẹ orí ba, ó ń jẹun!

Ọkọ mi dáwọ́ dúró. Ajá náà dáwọ́ dúró, ó ń wò ó. Ọkọ mi tún gé dàbínù, ajá tún tẹnu bọ abọ́.

"Ìyá wọn! Sáré wá! Kò ṣàìsàn rárá, kò fẹ́ dá jẹun ni!"

Ìgbà náà ni mo rántí pé nílé madame, ẹ̀gbẹ́ tábìlì ni abọ́ rẹ̀ máa ń wà nígbà tí wọ́n bá ń jẹun. Omi bọ́ lójú mi sínú ògì. Ajá lá abọ́ rẹ̀ tán, ó gbé orí ńlá yẹn lé itan ọkọ mi, tòun ti itọ́. Mo dijú, mo ń retí ariwo.

Ó ní, "Ẹni tó bá mi ṣínu, báwo ni n ó ṣe lé e lọ́la? Bá mi mú aṣọ míì wá, mo fẹ́ kírun."

Madame ò padà wá mọ́. Láti ọjọ́ náà, aṣọ ọkọ mi méjì ló ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa, ọ̀kan fún ìrun, ọ̀kan fún ajá. Nígbà tí ajá náà kú, mo mú èyí tó jẹ́ tirẹ̀ kí n lọ fọ̀ ọ́. Ọkọ mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì fi í kọ́ padà.