Igi Bàbá Pfleiderer Kì Í Wọ́wé

Ọjọ́ tí Gotthilf Pfleiderer fi aṣọ ibùsùn di igi Kérésìmesì ni wọn ò lè gbàgbé nílé alájà mẹ́rin yẹn ní Esslingen, nílẹ̀ Jámánì. Ọjọ́ Ọba Mẹ́ta ni, ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní, tí kálukú máa ń gbé igi Kérésìmesì jáde nílé. Ó gbé e lé èjìká, ó rọra ń sọ̀kalẹ̀ láti àjà kẹta bí ẹni gbé ọmọ ọba. Kò mọ̀ pé ẹ̀ka kan ti dá aṣọ náà lu. Ewé wẹ́wẹ́ bí abẹ́rẹ́ ń dà lẹ́yìn rẹ̀ títí dé títì.

Ọ̀sẹ̀ Klothilde Rapp ni. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń pín àtẹ̀gùn gbá nílé náà. Ẹni tó bá kàn, pátákó kékeré kan á wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Opó ni Klothilde, àjà kejì ló ń gbé, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló sì ti ń gbá àtẹ̀gùn náà láìjẹ́ kí èérún kan bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó tọ ewé náà bí ọdẹ ti ń tọ ipasẹ̀ ẹran, ó kanlẹ̀kùn.

“Bàbá Pfleiderer, ẹ wá wo ohun tí igi yín ṣe.”

“Igi tèmi kì í wọ́wé, Màmá Rapp. Ọwọ́ ara mi ni mo fi yàn án nínú igbó.”

“Ewé ta wá nìyí? Láti títì dé orí ẹní ìnusẹ̀ yín.”

Bàbá náà bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa. “Ẹ̀yin náà ti sọ ọ́. Láti títì ló ti ń bọ̀. Afẹ́fẹ́ ló gbé e wá. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo tilẹ̀kùn.”

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ojú fèrèsé ló ju igi náà gbà. Igi ò balẹ̀. Orí aṣọ tí Klothilde sá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta àjà rẹ̀ ló há sí. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni yẹ̀rì rẹ̀ fi ń gún un. Ó tún lọ kanlẹ̀kùn.

“Afẹ́fẹ́ náà ni,” ni bàbá wí. “Tọdún yìí le.”

Nígbà tó yá, Klothilde fura: kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀sẹ̀ tòun ni igi yìí ń jáde lọ́dọọdún? Ó bá tọkọtaya ìsàlẹ̀ pààrọ̀ ọ̀sẹ̀. Pfleiderer sọ̀kalẹ̀, ó wo pátákó, ó padà sókè. Oṣù kìíní parí, oṣù kejì wọlé, igi wà nílé títí ó fi gbẹ bí egungun ẹja. Ọjọ́ tí pátákó padà sẹ́nu ọ̀nà Klothilde ni igi jáde.

“Ọkùnrin yìí ló máa sin mí,” ni Klothilde wí, “tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi.”

Pfleiderer ni wọ́n kọ́kọ́ sin, nínú oṣù kọkànlá. Nígbà tí Kérésìmesì dé, ìyàwó rẹ̀, Hedwig, kò ra igi. Lọ́jọ́ Ọba Mẹ́ta, ó bá Klothilde níbi tó ti ń gbá àtẹ̀gùn tí kò dọ̀tí.

“Ẹ rí ìsinmi lọ́dún yìí, Màmá Rapp.”

“Mo rí i.” Ohùn rẹ̀ ò jọ ti ẹni tó rí ìsinmi. “Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe fún un, tó fi jẹ́ ọ̀sẹ̀ tèmi nìkan?”

“Ó ní ẹ̀yin nìkan lẹ mọlẹ̀ẹ́ gbá nínú ilé yìí. Ó ní bí ewé bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, títí ọdún Àjíǹde ló máa wà nílẹ̀.”

“Àṣé ó gbà pé igi òun ń wọ́wé?”

“Rárá o. Ó ní afẹ́fẹ́ mọ ẹni tí yóò yà sọ́dọ̀ ẹ̀.”

Klothilde rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọwọ́ àtẹ̀gùn mú. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú ìgbálẹ̀, ó rí ewé kan ṣoṣo nínú àlàfo pákó àtẹ̀gùn, ó ti gbẹ, ó ti pupa rẹ́súrẹ́sú. Ó gbé ìgbálẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó tún gbé e kúrò, ó gbá ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ yíká.

Nígbà Àjíǹde, ìyàwó ìsàlẹ̀ nàka sí ewé náà. “Màmá, ẹ gbàgbé ọ̀kan níbí.”

Klothilde ò tiẹ̀ wolẹ̀. “Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Afẹ́fẹ́ ló gbé e wá.”