Sáírìn Tó Dún Lọ́jọ́ Àṣekágbá

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé etí mi ló tàn mí. Etí mi ò tàn mí. Gbogbo àwa tí a wọ aṣọ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa lọ́jọ́ àṣekágbá bọ́ọ̀lù yẹn la gbọ́ ọ, lórí pápá tó wà lẹ́yìn Ilo-Awela, ládùúgbò wa ní Ṣàngó.

Ayé Sáàpù ni, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo wa fún ìgbànú mọ́ra. Ilé-iṣẹ́ ń tì pa lọ́tùn-ún lósì ní Ṣàngó. Àmọ́ ọ̀kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀, máníjà wọn sì ti ṣèlérí pé ẹni tó bá gbá góòlù tó gba ife wọlé, òun máa gbà á síṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi tó ń gbá iwájú fún wa ò rí oorun sùn nítorí ìlérí yẹn. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀pà, àbúrò sì pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá yẹn ló máa ń fa sáírìn nílé-iṣẹ́ abọ́ tánńganran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, kí wọ́n tó tì í pa. Bó bá dún ní ṣókí, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Bó bá dún gbọọrọ láìdá, ẹ̀rọ ti mú èèyàn: kí kálukú dúró síbi tó wà, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Àwa ọmọ àdúgbò pàápàá, bá a bá ń jẹun lọ́wọ́, a ó gbé òkèlè dúró. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn.

Háà, ọ̀rẹ́ mi gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà! Ó ń fi àwọn ọmọ Abẹ́òkúta tí a ń bá gbá ṣeré bó ṣe wù ú. Rẹfirí náà ò ṣojúsàájú, kí n má purọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èébú tí mo bú u kò kéré. Eré ti fẹ́ parí, góòlù ò tíì wọlé, ni ọ̀rẹ́ mi bá kọjá lára ẹni tó kẹ́yìn. Òun àti ẹni tó ń ṣọ́lé wọn nìkan ló kù. Ìgbà yẹn ni sáírìn dún.

Gbọọrọ. Láìdá.

Ọ̀rẹ́ mi fẹsẹ̀ tẹ bọ́ọ̀lù, ó dúró. Gbogbo wa dúró. Èmi tí mò ń ṣọ́lé tiwa gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, òtútù sì mú mi nínú oòrùn. Àwọn ọmọ Abẹ́òkúta ń wò wá bíi wèrè. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀kan nínú wọn yọ bọ́ọ̀lù lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi, ó sáré kọjá láàárín wa bí ẹni tó ń kọjá láàárín igi, ó gbá a wọlé.

Rẹfirí nawọ́ sí àárín pápá. Góòlù ni.

"Ọ̀gá, sáírìn dún!" Mo pariwo mọ́ ọn.

"Sáírìn wo? Ṣé mo fọn fèrè ni? Ta ló ní kẹ́ ẹ dúró?"

Mo fi ìbínú sáré lọ bá mẹ́gáàdì ilé-iṣẹ́ abọ́. Ó kàn nàka sí òrùlé, síbi tó jẹ́ pé ihò nìkan ló ṣẹ́ kù lára páànù. Wọ́n ti tú sáírìn náà tà tipẹ́.

Góòlù yẹn ló gba ife, máníjà sì gba ọmọ Abẹ́òkúta tó gbá a wọlé síṣẹ́. Nígbà tí a délé, ọ̀rẹ́ mi ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ìyá gbé àtẹ ẹ̀pà sílẹ̀.

"Ṣé o dúró?"

"Mo dúró, màmá."

"O ṣeun, ọmọ mi."

Inú bí mi. Iṣẹ́ bọ́ mọ́ ọmọ lọ́wọ́, ẹ ń dúpẹ́!

A kàwé jáde. Ọ̀rẹ́ mi lọ kọ́ṣẹ́ fọkanáísà ní Iyana Iyesi. Ibẹ̀ ni mo sáré gbé ìròyìn lọ bá a: ẹ̀rọ ti gé ọmọ Abẹ́òkúta yẹn lọ́wọ́, nílé-iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí.

"Ṣé wọ́n fa sáírìn?"

"Wọ́n ní kò sẹ́ni tó rántí."

Ó jókòó sórí táyà, ó bú sẹ́kún. "Ẹ̀gbẹ́ mi ló gbà kọjá," ó ní. "Mi ò sì sọ fún un pé kó dúró."